Bébà Di Owó: Ohun Tí Àwọn Ará Amẹ́ríkà Ń Ná Kí Wọ́n Tó Gba Òmìnira

Fídíò kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp. Ọkùnrin kan ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ nínú rẹ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ ń tẹ owó bébà tiwọn, pé ara tu gbogbo wọn, kò sí gbèsè, kò sí òṣì, àfi ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de owó náà tí ìyà dé. Ó ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìbọn. Èèyàn mẹ́ta ló fi ránṣẹ́ sí mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí ìjọba tiwa ò kàn tẹ owó kó kúnlẹ̀?"

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí la ń pè ní kín ni?

Kọ́lónì ni ilẹ̀ tí ìjọba òkèèrè tẹ̀dó sí, tó sì ń ṣàkóso. Gẹ̀ẹ́sì ní 13 irú rẹ̀ ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà: Massachusetts, Virginia, Pennsylvania, New York àti àwọn yòókù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, akápò tirẹ̀ àti àpò tirẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ "owó Amẹ́ríkà" nígbà náà. Ibi 13 ni, ọ̀ràn owó 13 ni.

Ohun kejì tó máa ń dá ojú rú ni pé owó tí èèyàn fi ń ṣírò lè yàtọ̀ sí owó tó ń ná. Onílé kan ní Ìkòyí lè sọ pé dọ́là ni òun ń gba owó ilé, kó wá jẹ́ pé náírà lẹ máa san sí báǹkì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwọn. Pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé: kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Àwọn àgbà wa mọ ìṣirò yìí bí ẹni mowó, nítorí òun náà là ń lò ní Nàìjíríà títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973. Ẹni tó ti gbọ́ kí ìyá àgbà máa sọ "tọ́rọ́" fún kọ́bọ̀ mẹ́ta àti "sísì" fún kọ́bọ̀ mẹ́fà ti mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà lè kọ pọ́n-ùn mẹ́wàá sínú ìwé gbèsè rẹ̀ kó má sì fojú kan pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo títí tó fi kú.

Owó bébà wá ńkọ́? Ìwé gbèsè ni. Ìjọba kọ ọ́ pé òun jẹ ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ ní iye báyìí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù.

Kí ló dé tí owó fi wọ́n wọn?

Ìlú Ọba kì í fẹ́ kí owó fàdákà òun jáde lọ sí kọ́lónì. Ìgbàgbọ́ ayé ìgbà náà ni pé fàdákà gan-an ni ọrọ̀, kí orílẹ̀-èdè máa kó o wọlé ni, kí ó má ṣe jẹ́ kó jò lọ. Wọn ò sì fẹ́ kí kọ́lónì dá ilé ìrọwó sílẹ̀. Ní etíkun yẹn, kò sí ibi tí wọ́n ti ń wa fàdákà tàbí góòlù. Ìwọ̀nba tí wọ́n bá rí nínú òwò ẹja, pákó àti oúnjẹ tí wọ́n ń tà fún àwọn erékùṣù Karibíà, kíá ló ń padà sí London, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ìṣó, aṣọ, ìkòkò àti ìwé.

Ẹni tó bá ti wọ dánfó ní Èkó mọ bí àìsí ṣéńjì ṣe rí. Kọ̀ńdọ́ á kó owó èrò méjì pọ̀ lé ọ̀kan lọ́wọ́, á ní kí wọ́n lọ pín in, ẹ ó sì máa tẹ̀lé ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí kiri ibùdókọ̀. Ẹ wá ro ilẹ̀ kan tó jẹ́ pé bí gbogbo ọjà rẹ̀ ṣe rí nìyẹn fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé.

Àwìn ló gbà wọ́n. Àgbẹ̀ á gbé bọ́tà àti ẹyin wá sí ṣọ́ọ̀bù, oníṣọ́ọ̀bù á kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, á wá gbé iyọ̀ àti ìṣó, wọ́n á tún kọ ọ́. Lópin ọdún wọ́n á jókòó ṣírò. Ṣùgbọ́n àwìn kì í rìn jìnnà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ kò ní tà fún ọ.

Kí ni wọ́n wá ń ná?

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ná máa jọ Yorùbá lójú: ìkarahun. Àwọn ọmọ onílẹ̀, bí àwọn Narragansett àti Pequot, máa ń fi ìkarahun inú òkun ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké, funfun àti àwọ̀ àlùkò, wọ́n á sì sín in sínú okùn. Wampum ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ tiwọn, kì í ṣe owó ọjà lásán. Wọ́n fi ń ṣe àdéhùn, wọ́n fi ń tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Òyìnbó ló sọ ọ́ di ṣéńjì. Àlùkò kan tó funfun méjì. Ní 1637, Massachusetts fàṣẹ sí i pé èèyàn lè fi san gbèsè tí kò bá ju ṣílè kan lọ. Nígbà tí irin ìlu dé, tí ẹni kan lè lu ìlẹ̀kẹ̀ rẹpẹtẹ lójúmọ́, ó pọ̀ jù, iyì rẹ̀ lọ sílẹ̀, Massachusetts sì fagi lé òfin náà ní 1661. Bí owó ẹyọ ṣe bàjẹ́ lọ́wọ́ àwa náà nìyẹn, nígbà tí ọkọ̀ òyìnbó kó ti Zanzibar dà sí etíkun wa.

Ní Virginia àti Maryland, tábà ni. Wọ́n ń san owó orí ní tábà, wọ́n ń san owó ìtanràn ní tábà. Ní nǹkan bí 1620, nígbà tí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin wá láti Ìlú Ọba fún àwọn àpọ́n Virginia, ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó á san tábà tó dára, nǹkan bíi kílò 54, fún owó ọkọ̀ rẹ̀. Owó oṣù àlùfáà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ wá di tábà tó lé ní kílò 7,000 lọ́dún. Bí tábà bá ti di owó, ta ló máa kó èyí tó dára fún agbowó orí? Ewé jíjẹrà àti igi ewé ni wọ́n ń kó wá. Ní 1730, Virginia dá ilé ìkẹ́rù sílẹ̀ tí àwọn ayẹ̀ẹ́wò á ti wo tábà, wọ́n á jó èyí tí kò dára, wọ́n á sì fún olówó rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí yẹn làwọn èèyàn wá ń ná láàárín ara wọn, tábà jókòó sínú àgbá. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó ń gbin tábà yẹn. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni, pàápàá láti ìparí àwọn ọdún 1600 lọ.

Owó tó wá dà bí owó fún gbogbo wọn ni dọ́là Spéènì, fàdákà gbàǹgbà láti Mexico àti Peru. Réálì mẹ́jọ ló wà nínú ẹyọ kan, bí kò bá sì sí ṣéńjì, wọ́n á gbé e lé irin, wọ́n á fi irin mímú gé e bí ẹni gé iṣu, sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà ti rí i tí wọ́n fi ń pe ìdá mẹ́rin dọ́là ní "gígé méjì".

Ibi tí ojú ti ń rú sí ni iye rẹ̀. Dọ́là Spéènì kan yìí, ṣílè 4 àti kọ́bọ̀ 6 ni ní London. Nígbà tó sún mọ́ ogun òmìnira, ṣílè 6 ni ní Boston tó wà ní Massachusetts, ṣílè 7 àti kọ́bọ̀ 6 ní Philadelphia tó wà ní Pennsylvania, ṣílè 8 ní New York. Fàdákà kan náà! Kọ́lónì kọ̀ọ̀kan ń pe iye rẹ̀ sókè kí ó má baà sá lọ bá aládùúgbò ni. Torí náà, tí ẹ bá rí "pọ́n-ùn 100" nínú ìwé àtijọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé pọ́n-ùn ibo.

Massachusetts gbìyànjú láti rọ tirẹ̀. Ní 1652, nígbà tí Ìlú Ọba ti pa ọba wọn tí ibẹ̀ kò tíì fara rọ, wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ fàdákà kan tó ń jẹ́ John Hull máa rọ ṣílè, kí ó sì máa mú ọ̀kan nínú ogún gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Igi páìnì ni wọ́n yà sára èyí táwọn èèyàn mọ̀ jù. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi rọ ọ́, síbẹ̀ 1652 ni wọ́n ń kọ sára ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ọba ti padà sórí ìtẹ́ nígbà náà, rírọ owó láìgbàṣẹ sì jẹ́ ìwà ọ̀tẹ̀, àmọ́ ta ló máa bá wọn jà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí ọba?

Báwo ni bébà ṣe wá di owó?

Ogun ló bí i. Ní 1690, Massachusetts kó ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 30 àti nǹkan bí 2,000 ọkùnrin jọ lábẹ́ Sir William Phips, ó ní kí wọ́n lọ gba ìlú Quebec ní Kánádà lọ́wọ́ Faransé. Ìjọba kò ní owó ogun nílẹ̀. Ohun tí wọ́n gbójú lé ni ìkógun: bí wọ́n bá ti ṣẹ́gun, ẹrù Quebec ni wọ́n máa fi san owó ọmọ ogun.

Wọn ò ṣẹ́gun. Òtútù mú wọn, ìgbóná pa wọ́n, àwọn tó kù padà sí Boston tìbínú-tìbínú, wọ́n ní owó àwọn dà. Ìjọba sáré tọ àwọn oníṣòwò lọ fún ẹ̀yáwó, wọn ò rí. Ní oṣù kejìlá 1690, wọ́n fàṣẹ sí bébà tó tó pọ́n-ùn 7,000, wọ́n sì fi sanwó fún àwọn ọmọ ogun. Àwọn ará China ti ń ná owó bébà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ìjọba kankan kò tíì tẹ irú rẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Quebec tí wọ́n lọ jà yẹn ti mọ ọgbọ́n náà ní 1685. Owó tán lọ́wọ́ Jacques de Meulles tó ń bójú tó ìnáwó Faransé níbẹ̀, ló bá gba káàdì tí wọ́n fi ń ta ayò lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó kọ iye owó sí i, ó fọwọ́ sí i, ó fi sanwó fún sójà.

Kí lẹ máa rí tí ẹ bá mú ọ̀kan nínú bébà Boston yẹn dání? Bébà pẹlẹbẹ kan ni, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sí i, àwọn mẹ́ta sì fọwọ́ sí i. Ìkọ̀wé ara rẹ̀ sọ pé kọ́lónì Massachusetts jẹ ẹni tó mú un lọ́wọ́ ní ṣílè 20, pé ó tó owó ní iye, pé akápò yóò gbà á nínú gbogbo ìsanwó ìjọba. Etí rẹ̀ lókè rí wọ́gọwọ̀gọ, torí wọ́n gé e kúrò lára ìdá kejì tó wà lọ́dọ̀ akápò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá, wọ́n á fi méjèèjì ko ara wọn bí igbá tó là sí méjì. Bí kò bá ṣe rẹ́gí, ayédèrú ni.

Àwọn èèyàn kò kọ́kọ́ gbà á. Ọmọ ogun tó mú ti ṣílè 20 dé ọjà, ọjà ṣílè 14 tàbí 12 ni wọ́n ń fún un. Phips fúnra rẹ̀ ní láti kó owó fàdákà tirẹ̀ jáde pààrọ̀ bébà kí ọkàn àwọn èèyàn lè balẹ̀. Ohun tó wá là á já ni òfin kan tó tẹ̀ lé e: ẹni tó bá fi bébà san owó orí, ìjọba á gbà á ní iye rẹ̀, á tún fi márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún kún un fún un. Láti ìgbà yẹn, nǹkan bí ogún ọdún ni bébà àti fàdákà fi ń rìn pọ̀ ní Massachusetts.

Kí ló gbé bébà náà ró?

Ẹ jẹ́ kí n lọ sí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí náírà wọ́n wa, ìyá olóúnjẹ kan lẹ́bàá ibi iṣẹ́ mi kò rí ṣéńjì fún ẹnikẹ́ni. Ó ya páálí bisikíìtì, ó kọ "200" sí i, ó fọwọ́ sí i, ó ní kí n mú un wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì mo fún fọ́kanáísà tó fẹ́ táyà mi ní páálí yẹn. Kò jiyàn. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí lòun náà ti ń jẹun.

Kò sí góòlù lábẹ́ páálí yẹn. Ìrẹsì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Iye tó ń ná á dúró sórí ohun méjì: pé ìyá náà máa gbà á padà, àti pé páálí tó wà níta kò ju oúnjẹ tó ń sè lọ. Ká ní ó kọ 500 páálí tó sì jẹ́ ìkòkò kan ṣoṣo ló ń gbé kaná, fọ́kanáísà á gbọ́.

Owó orí ni ìrẹsì tiwọn. Nígbàkigbà tí ìgbìmọ̀ aṣòfin bá fàṣẹ sí bébà tuntun, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú òfin náà pé owó orí báyìí la ó gbà ní ọdún báyìí láti fi kó o padà. Bí ó bá padà dé ọwọ́ akápò, wọ́n á jó o níná, lójú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ka iye rẹ̀. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé òun máa san owó orí lọ́dún tó ń bọ̀ á wá bébà náà, á sì ta àlìkámà nítorí rẹ̀.

Ibo ni nǹkan ti lọ déédéé?

Pennsylvania, ní tèmi, ni wọ́n ti lo orí jù. Ní 1723, ọjà kú níbẹ̀, àwọn tó jẹ gbèsè ń pàdánù ilẹ̀. Ìjọba dá ọ́fíìsì ẹ̀yáwó sílẹ̀, ó tẹ bébà pọ́n-ùn 15,000 lákọ̀ọ́kọ́, ó yá àwọn onílẹ̀. Ẹni tó bá yá a á fi ilẹ̀ tó tó ìlọ́po méjì ẹ̀yáwó náà dúró, á máa san èlé márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, á sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Bí ó ṣe ń padà ni iye tó wà níta ń dín kù. Èlé tó ń wọlé sì tó fún ìjọba láti fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìnáwó rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé owó orí kò fi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lára.

South Carolina náà yáni lówó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀, yàtọ̀ sí ilẹ̀, èèyàn lè fi ẹrú rẹ̀ dúró. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ lórí ìyẹn. Bébà tí wọ́n ń ná ní ọjà Charleston, ara ènìyàn wà lára ohun tó dúró fún un.

Benjamin Franklin, atẹ̀wé kan ní Philadelphia, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan ní 1729, ó jẹ́ ọmọ ọdún 23, ó ní kí Pennsylvania tẹ bébà sí i. Ìgbìmọ̀ gbà. Ta ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé owó náà fún láìpẹ́ sí i? Franklin ni. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ láìtijú pé èrè rẹ̀ dára.

Maryland ṣe èyí tó yani lẹ́nu jù. Ní 1733, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá jó nǹkan bíi kílò 68 tábà burúkú níná máa gba ṣílè 30 bébà lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń san owó orí nínú ilé rẹ̀. Wọ́n sì ń fi owó tí wọ́n ń gbà lórí tábà tó ń lọ sókè òkun ra ìpín nínú Báǹkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè fi san bébà náà nígbà tó bá tó àkókò. Wọ́n san án.

Níbo ló ti wá bàjẹ́?

Massachusetts tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ni. Ogun ò tán, ìgbìmọ̀ ò fẹ́ kí owó orí dun àwọn aráàlú, wọ́n bá ń sún ọjọ́ ìkópadà síwájú: èyí tó yẹ kí wọ́n kó padà lọ́dún yìí, wọ́n á ní ó di ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó di mẹ́wàá. Rhode Island, kọ́lónì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń tẹ tirẹ̀ bí ẹni tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ sì ń ya wọ ọjà Boston. Nígbà tó fi máa di 1749, bébà Massachusetts bíi pọ́n-ùn 10 tàbí 11 ni èèyàn máa fi ra pọ́n-ùn London kan. Opó tí ọkọ rẹ̀ fi owó sílẹ̀ fún, pásítọ̀ tí owó oṣù rẹ̀ kò yẹsẹ̀, ìyà ńlá ló jẹ wọ́n. Ẹni tó jẹ gbèsè ló ń rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe bọ́ níbẹ̀ dà bí àlọ́. Ní 1745, àwọn ọmọ ogun wọn bá Ìlú Ọba gba odi Louisbourg lọ́wọ́ Faransé. Àwọn aṣòfin London gbà láti san owó ogun náà padà, pọ́n-ùn 183,649 àti díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1749, ọkọ̀ gbé e gúnlẹ̀ sí Boston: àpótí 217 tó kún fún dọ́là Spéènì, àti àgbá 100 tó kún fún kọ́bọ̀ bàbà. Ẹ fojú inú wo kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń gùnkè láti èbúté lórí òkúta òpópónà, ìkan lẹ́yìn òmíràn, nínú ìlú tó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí fàdákà tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Thomas Hutchinson, òṣèlú kan ní Massachusetts, ló dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi fàdákà náà ra gbogbo bébà padà, ṣílè 45 bébà fún dọ́là kan. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, bébà àtijọ́ sì parẹ́. Ṣé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn tó jẹ gbèsè kórìíra rẹ̀ débi pé nígbà tí iná ràn mọ́ ilé rẹ̀ lọ́dún yẹn, àwọn kan dúró ní ìta wọ́n ní kó máa jó.

Ayédèrú ńkọ́?

Ó pọ̀ lọ jàra. Lára ọ̀pọ̀ owó bébà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ikú ni ẹ̀san ẹni tó bá ṣe ayédèrú, kò sì dẹ́rù ba ẹni kankan. Ẹni tó wù mí jù nínú wọn ni Mary Butterworth, ìyàwó ilé kan ní Rehoboth, Massachusetts, tó bí ọmọ méje. Ní nǹkan bí 1716, ó rí i pé òun ò nílò irin tí wọ́n fi ń tẹ owó, èyí tí ọlọ́pàá lè bá nílé. Ó gbé aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sítááṣì sí lé owó gidi, ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́, yíǹkì sì fò mọ́ aṣọ. Ó gbé aṣọ yẹn lé bébà funfun, ó tún fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fi gègé kọ ibi tí kò bá hàn dáadáa, ó sì ju aṣọ sínú iná ìdáná. Ìdajì iye rẹ̀ ló ń tà á. Wọ́n mú un ní 1723, wọ́n tú ilé rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan àfi áyọ́ọ̀nù, ta ni kò ní áyọ́ọ̀nù? Ó lọ sílé.

Franklin wá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó mú ewé gidi, ó fi rọ irin ìtẹ̀wé, ó fi tẹ ẹ̀yìn owó. Iṣan ara ewé kò jọra láé, kò sì sí ọwọ́ agbẹ́nà tó lè fín in bẹ́ẹ̀. Ó fi bí ó ṣe ń ṣe é pamọ́.

Ṣé torí owó bébà ni wọ́n ṣe jagun?

A ti dé ọ̀dọ̀ fídíò wa. Òfin méjì ni àwọn aṣòfin London ṣe lórí owó bébà. Ti 1751 de àwọn kọ́lónì New England bíi Massachusetts àti Rhode Island. Ti 1764 de àwọn yòókù. Ẹ wo ohun tí èkejì sọ dáadáa: kò ní kí wọ́n má tẹ bébà mọ́. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni láti gba bébà fún gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn oníṣòwò London ló bẹ̀ fún un, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ará Virginia tó jẹ wọ́n ní owó gidi máa fi bébà tó ti já wálẹ̀ san án. Ní 1773 pàápàá, wọ́n tú u díẹ̀, pé bébà lè jẹ́ owó dandan fún ohun tí èèyàn bá jẹ ìjọba kọ́lónì.

Ó bí wọn nínú lóòótọ́. Nígbà tí àwọn aṣòfin London bi Franklin léèrè ní 1766 nípa ohun tó dín ọ̀wọ̀ tí Amẹ́ríkà ní fún wọn kù, ìdènà owó bébà wà lára ohun tó dárúkọ. Ṣùgbọ́n ó dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìdènà òwò, owó orí tuntun lórí ìwé àti oǹtẹ̀, àti gbígba ẹjọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ aráàlú. Ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n máa ń fi sẹ́nu rẹ̀ nínú fídíò, pé owó bébà nìkan ló sọ gbogbo wọn di ọlọ́rọ̀ tí báǹkì London wá bà á jẹ́, kò sí nínú ìwé kankan tí Franklin kọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n?

Èyí ni apá tí fídíò náà fò. Ní oṣù kẹfà 1775, tí ogun òmìnira ti bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kọ́lónì fàṣẹ sí dọ́là bébà mílíọ̀nù 2. Continental ni wọ́n ń pè é. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kò lágbára láti gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn kọ́lónì àtẹ̀yìnwá, gbà á wá. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ń tẹ bébà tiwọn lọ rẹpẹtẹ. Ìyá olóúnjẹ ti wá ń kọ páálí láìní ìkòkò.

Nígbà tí 1779 fi máa parí, ohun tí wọ́n ti tẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 241 dọ́là. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba New York tún ń tẹ ayédèrú rẹ̀ kún un. Ìpolówó kan jáde nínú ìwé ìròyìn níbẹ̀ ní 1777 pé ẹni tó bá ń rìnrìn àjò lọ sí àwọn kọ́lónì yòókù lè wá kó ayédèrú iye tó bá fẹ́, iye tí wọ́n fi ra ìwé tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ nìkan ló máa san. George Washington, olórí ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1779 pé owó tó kún kẹ̀kẹ́ ẹrù agbára káká ló fi lè ra oúnjẹ tó kún kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ní oṣù kẹta 1780, ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ gbà pé 40 rẹ̀ ni dọ́là fàdákà kan. Ní oṣù karùn-ún 1781, àwọn èèyàn yan kiri òpópónà Philadelphia pẹ̀lú Continental lára fìlà wọn, wọ́n sì fi ọ̀dà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ajá kan lára, ajá náà ń bá wọn lọ.

Ní 1790, ìjọba tuntun gbà láti ra èyí tó kù ní 100 sí ẹyọ kan. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ní 1787, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ tẹ bébà irú èyí mọ́. Ìdí nìyẹn tí Texas tàbí New York kò fi ní owó tirẹ̀ títí dòní. Nígbà tí wọ́n wá ṣòfin owó tiwọn ní 1792, dọ́là ni wọ́n pè é, ti Spéènì àtijọ́ yẹn sì ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó mọ iye fàdákà tí wọ́n máa fi sí i. Títí di 1857, èèyàn ṣì lè gbé ti Spéènì gan-an lọ sọ́jà ní Amẹ́ríkà, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀.